Ẹ Má Ti Ẹnu Atutọ́

Nínú gbogbo ohun tí Ìyàwó kó wọ ilé-iṣẹ́ fóòmù àwọn àna rẹ̀, ẹyọ kan ló di ọ̀tá gbogbo ayé. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì dísù tó fẹ̀ tó ibùsùn ẹni méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí wọ́n bá ti tan án, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ ń wí mọ́. Kì í ṣe páìpù pupa tó gba abẹ́ àjà kọjá láti igun dé igun. Fáàfù kan ni, tó jókòó sára páìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù, tó ní ẹnu kan tó kọjú sílẹ̀ sínú àrọ ńlá, irú èyí tí wọ́n fi ń rọ epo sínú ìgò, àfi pé èyí tóbi tó bọ́kẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni rí i kó ṣe ni pé kó máa da omi nù. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́ ní Atutọ́, orúkọ náà sì mọ́ ọn lórí.

Ìyàwó fúnra rẹ̀, ẹ̀ńjíníà ni níbi gbogbo tó bá ti ṣiṣẹ́. Àwọn ilé gíga, àwọn ilé ìwòsàn, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè bí wọ́n bá fẹ́ kí omi dé ibi tí iná bá wà. Ṣùgbọ́n nínú ọgbà yìí, Ìyàwó ni. Ọmọ kejì ilé ló fẹ́ ẹ, àtọmọdé àtàgbà ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀; ológbò tó ń sùn lórí àkísà fóòmù, bó bá lè sọ̀rọ̀, Ìyàwó náà ni ì bá pè é. Inú rẹ̀ kì í sì í bàjẹ́ sí i, bí wọ́n bá ṣáà ti jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ilé ìpamọ́ àtijọ́ ti jóná. Kò sí àlàyé púpọ̀ nínú ìyẹn: fóòmù àti iná, bí wọ́n bá ti fojú kan ara wọn, ó ti parí. Ẹnikẹ́ni kò kú, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n Bàbá, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé fóòmù àkọ́kọ́ nínú ọgbà náà, dúró sójú títì, ó ń wo iṣẹ́ ayé rẹ̀ bó ti ń di èéfín. Láti ọjọ́ náà kò wọ ilé ìpamọ́ kankan mọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, sísá ló ń sá. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé tuntun tán, ìta ẹnu ọ̀nà ni Bàbá ń gbé àga onígi rẹ̀ sí, kò jẹ́ kí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ìloro.

Ìyàwó ló bẹ̀ ẹ́ kó tún ilé náà kọ́. "Bàbá," ó ní nígbà náà, lórí eékún, "ẹ jẹ́ kí n fi òjò sínú àjà fún yín." Òjò náà la wá ń sọ yìí. Ó to àwọn ẹnu omi kéékèèké mọ́ àjà, àwọn tí wọ́n ń pè ní arọ̀jò. Dígí tíńtín kan ló dí ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ooru iná bá ti kan án, dígí á fọ́, omi á sì máa rọ̀ sórí iná. Pọ́ǹpù tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn ló ń ti omi náà wá, ẹ́ńjìnnì dísù ló sì ń yí pọ́ǹpù. Ṣùgbọ́n títí àwọn panápaná yóò fi fi ojú ara wọn rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, fóòmù kan kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀.

Bọ̀dá Àgbà, àkọ́bí Bàbá, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Òun ló ń gbọ́ ẹnu àwọn oníbàárà, òun ló ń sọ fún wọn lójoojúmọ́ pé kí wọ́n ní sùúrù. Ẹnì kan sì ti fẹ́ ra ilé náà, kó lè máa kó ọkọ̀ akẹ́rù sí i. Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn láàrin ilé, títí Bàbá fi là á. "Ọjọ́ àyẹ̀wò la máa mọ̀," ó ní. "Bí omi bá kọ̀, ẹ tà á, mi ò ní sọ̀rọ̀. Bí omi bá jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má tún dárúkọ títà létí mi mọ́ títí mo fi máa kú." Gbogbo wọn gbà. Ìyàwó nìkan ni kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Ó mọ̀ pé bó bá bàjẹ́, orí òun ni wọ́n máa fọ́ àgbọn náà lé, orí tí wọ́n bá sì fi fọ́ àgbọn kì í bá wọn jẹ níbẹ̀.

Àbígbẹ̀yìn ilé ló ń tọ́jú ilé ìpamọ́ àti yàrá pọ́ǹpù. Ìyàwó kò lè pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ, nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ tó wọlé, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó sọ ọ́ ní Ajíṣefínní. Orúkọ náà bá a mu bí ìbọ̀sẹ̀. Ọkùnrin tó ń lọ aṣọ iṣẹ́ ni. Bí agbálẹ̀ bá gbálẹ̀ tán, á tún un gbá. Bí ìṣó kan bá wọ́ lára ògiri, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ẹ wá fojú inú wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Atutọ́, tó jẹ́ pé ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tan ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n sì mú kó sáré gan-an dán wò, á tutọ́, omi á ta kúrò nínú àrọ, ilẹ̀ á sì tutù. Ó tutọ́ lónìí, Ajíṣefínní nù ún. Ó tutọ́ lọ́la, Ajíṣefínní tún nù ún. Ojú tó fi ń wo fáàfù náà kì í ṣe ojú rere.

Ọjọ́ àyẹ̀wò pé. Ìyàwó ti wà lórí iṣẹ́ mìíràn níbi tó jìnnà fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àárọ̀ yẹn gan-an ló sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá panápaná ti dé ṣáájú rẹ̀, ọkùnrin gbọọrọ kan tí kì í rẹ́rìn-ín, tó mú ìnujú funfun báláú kan dání. Àwọn òṣìṣẹ́ ti kóra jọ. Bàbá wà lórí àga rẹ̀ níta.

Ìyàwó ní àṣà kan. Kì í tan ẹ́ńjìnnì láìjẹ́ pé ó ti fi ọwọ́ kan gbogbo ohun tó wà nínú yàrá náà, kó sì kí wọn bí ìyàwó tuntun ṣe ń kí àwọn ará ilé ọkọ láàárọ̀. "Ẹ́ńjìnnì, ẹ kú iṣẹ́. Pọ́ǹpù, ẹ kú iṣẹ́ o." Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ Atutọ́ ni Bọ̀dá Àgbà ké láti ẹnu ọ̀nà pé, "Ìyàwó, Ọ̀gá ò ní sùn síbí o!"

Ó yára fi ọwọ́ kan Atutọ́ lórí. Wọ́n ti kùn ún tuntun, ó ń dán gbinrin. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ gbẹ débi pé èèyàn lè tẹ́ aṣọ funfun síbẹ̀.

"Ajíṣefínní, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ti kùn ún."

"Mo ti ṣe é ju kíkùn lọ," Ajíṣefínní dáhùn, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ní ẹ̀bùn lẹ́yìn.

Ká ní Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ wo inú àrọ nígbà yẹn ni, ìtàn yìí ì bá kúrú. Kò bẹ̀rẹ̀. Ó tan ẹ́ńjìnnì.

Ilẹ̀ gbọ̀n. Omi gba inú páìpù lọ, ọwọ́ géèjì tó ń wọn agbára omi dìde, ó sì dúró níbi tó yẹ kó dúró. Ọ̀gá panápaná mi orí, ó fi ẹnu sún mọ́ etí Ìyàwó, ó kígbe pé, "Èyí dáa! Ẹ wá jẹ́ kí n rí i bó bá ya wèrè!"

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ́ńjìnnì dísù kò dà bí èyí tó ń lo iná mànàmáná, tí eré rẹ̀ kì í yí padà. Bí ohun tó ń kó o níjàánu bá já, á máa sá àsápajúdé, omi á sì máa le sí i títí páìpù ò fi ní lè gbà á mọ́. Nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni òfin ṣe ní kí Atutọ́ wà, kí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu níbi tí ojú ti lè rí i, kí ohunkóhun tí èèyàn lè tì má sì sí lọ́nà rẹ̀. Bí omi bá ti le kọjá àmì pupa ojú géèjì, Atutọ́ á ya ẹnu, á tu èyí tó pọ̀ jù dànù, ara á sì tu páìpù.

Ìyàwó fa ọwọ́ ẹ́ńjìnnì díẹ̀ kí eré rẹ̀ lè pọ̀ sí i, igbe rẹ̀ sì yí padà. Ọwọ́ géèjì gun òkè, ó kan àmì pupa. Ìyàwó gbé ojú sí àrọ, ó ń retí. Kò sí nǹkan kan. Ọwọ́ géèjì kọjá àmì pupa. Páìpù tó wà lókè orí wọn han, ó tún han, omi tín-ín-rín kan sì ta jáde níbi oríkèé rẹ̀, ó balẹ̀ sórí fìlà Ọ̀gá panápaná. Ìyàwó fo mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó pa á.

Ọ̀gá panápaná ṣí fìlà, ó wò ó, ó tún dé e.

"Ẹ̀ńjíníà," ó ní, "fáàfù yín sùn."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ fún mi láyè díẹ̀."

"Mo fẹ́ lọ wo àwọn ilẹ̀kùn àti àkàbà. Bí mo bá wò wọ́n tán tí ẹ ò ní nǹkan kan láti fi hàn mí, mo ń lọ nìyẹn. Kì í ṣe ọgbà yìí nìkan ló ń dúró dè mí."

Ó jáde. Bọ̀dá Àgbà yọ fóònù rẹ̀ lápò, kò pe ẹnikẹ́ni, ó kàn mú un dání. "Mo ti sọ ọ́," ó ní, ohùn rẹ̀ ò le, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. "Mo ti sọ ọ́, ẹ ò gbọ́."

Ìyàwó ti kúnlẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ inú àrọ, ó gbé e sókè, ó ń wá ẹnu Atutọ́. Ìka rẹ̀ kan irin. Ó yí i ká, irin náà ló tún kàn. Ẹnu wà, ihò kò sí. Ẹnì kan ti fi ìdérí dé e pinpin, ó sì ti fi ọ̀dà pupa kùn ún mọ́ ọn, ó mọ́ tónítóní bí ohun tí wọ́n bí i mọ́.

"Ta ló ṣe èyí?"

Ajíṣefínní gba iwájú bọ́ síta. Kò tijú rárá. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó ń retí ọpẹ́. "Èmi ni. Ṣé ìwọ kọ́ lo ní kí n ṣe é ni?"

"Èmi?"

"Ìwọ Ìyàwó."

"Èmi tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ níbòmíràn?"

"Ibẹ̀ náà lo ti ránṣẹ́ sí mi. Mo bi ọ́ pé, 'Nǹkan yìí tún ti tutọ́ sílẹ̀, ṣé kí n ti ẹnu ẹ̀?' O sì dá mi lóhùn." Ó yọ fóònù jáde, ó nu ojú rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó sì kà á sókè kí gbogbo ayé gbọ́: "Ẹ máa ti ẹnu ẹ̀ o."

Ìyàwó gba fóònù. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, bó ṣe fi àtàǹpàkò kan tẹ̀ ẹ́ lórí àkàbà, pẹ̀lú sípánà lábẹ́ abíyá: E ma ti enu e o.

"Ajíṣefínní ọkọ mi," ó ní, "ẹ *má* ti ẹnu ẹ̀ ni mo kọ!"

"Níbo ni 'má' wà níbí? 'Máa' ni mo rí."

"'Má' ni!"

"Mo ní 'máa' ni! Wò ó!"

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹni tó bá gbà á, á kà á, á ní "má" ni. Ẹni tó bá tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á ní "máa" ni, ó dájú bí iná. Ariwo wọn dé ìta. Ohùn Bàbá gba ojú fèrèsé wọlé pé kí wọ́n gbé e wá fún òun. Ó na fóònù jìnnà sójú, ó fà á súnmọ́, ó tún nà án.

"Lójú tèmi," ó ní, "ó jẹ́ méjèèjì."

Ẹ̀rín bú láàrin àwọn òṣìṣẹ́, ó sì tún kú, nítorí Bàbá kò rẹ́rìn-ín. "Iná jó ilé àkọ́kọ́, mo rí i," ó ní. "Ṣé ohun tí Ìyàwó mi ò kọ tán ló máa wá jẹ èkejì?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìyàwó lára. "Ẹ̀bi mi ni, Bàbá. Mo kánjú."

"Tèmi náà ni," Ajíṣefínní sọ, ìgbéraga ti bọ́ lójú rẹ̀. "Ó yẹ kí n pè é kí n bi í."

"Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n," Ìyàwó ní, ó sì ti dìde. "Mo fẹ́ yí ìdérí yẹn kúrò. Ẹ wá bá mi di páìpù mú."

Ajíṣefínní wo ilẹ̀. "Kò ní ṣe é yí. Mo ní kí wẹ́dà fi iná kàn án mọ́ ọn yíká."

"Ẹ tún fi iná kàn án?"

"Bí èèyàn bá máa ṣe nǹkan, kó ṣe é dáadáa."

Bí kì í bá ṣe ọjọ́ náà, Ìyàwó ì bá ti rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ á fi dùn ún. Ó fa ayùn irin yọ nínú àpò iṣẹ́. Wọ́n yọ àrọ kúrò. Ajíṣefínní, tó ti lọ ṣòkòtò rẹ̀ láàárọ̀ títí ó fi lè gé búrẹ́dì, dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ abẹ́ páìpù, ó fi apá méjèèjì gbá a mú kó má baà mì. Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ẹ. Ẹ̀rúnrún irin ń bọ́ sí Ajíṣefínní lójú, sí irun, sí kọ́là. Omi tó ti há sẹ́yìn ìdérí bẹ̀rẹ̀ sí í ro sí i láyà. Kò mira.

Bọ̀dá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n. "Ìyàwó, ohun tí kò yé mi nìyí. A ra ẹ̀rọ tó ń ti omi lọ. A tún ra èyí tó ń da omi yẹn nù. Ṣé orí wa pé?"

"Bọ̀dá mi," Ìyàwó dáhùn láìdáwọ́ dúró, "ẹ ti se omi rí?"

"Èmi? Ìyàwó mi ló ń se é."

"Ẹ bi wọ́n léèrè. Bí ìkòkò bá ń hó, tí ẹ bá gbé òkúta lé ìdérí ẹ̀, tí ẹ sì ń koná mọ́ ọn, kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

"Á bẹ́."

"Bó ṣe fẹ́ bẹ́ lórí wa láàárọ̀ yìí nìyẹn. Bí páìpù bá bẹ́ nínú yàrá yìí lọ́jọ́ tí iná bá ń jó lọ́hùn-ún, ẹ̀kán omi kan ò ní débẹ̀. Ìwọ̀nba tí Atutọ́ ń dà nù ló ń jẹ́ kí ìyókù dé ọ̀dọ̀ iná."

Bọ̀dá Àgbà bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi kọ́ ìlẹ̀kùn, ó sì mú iná ìléwọ́, ó ń tan án sí wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́.

Ìdérí já bọ́, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ìyàwó fẹ́ gbé àrọ padà, àmọ́ Ajíṣefínní ní kó dúró. Ibi tí wọ́n gé rí jágajàga, ara rẹ̀ ò gbà á. Ó gba ayùn ìdán, ó sì dán etí páìpù náà yíká títí ó fi jọ̀lọ̀. Ìyàwó jẹ́ kó ṣe é, nítorí òótọ́ ni pé omi fẹ́ràn ọ̀nà tó bá jọ̀lọ̀. Nígbà tó ṣe é tán, Ìyàwó dá àrọ padà sípò, ó gun àkàbà, ó sì fi sípánà fún àwọn bóòtì tó di oríkèé tó ta omi lẹ́ẹ̀kan mú.

Ọ̀gá panápaná wọlé bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀. Ó wo ìdérí tí wọ́n gé, ó wo Ajíṣefínní tí ìrísí rẹ̀ dà bí ti ẹni tí wọ́n yọ nínú kòtò. Kò béèrè ohunkóhun. "Ẹ tan án," ó ní.

Ìyàwó kò tíì tan án. Ó kọ́kọ́ yí gbogbo yàrá ká lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì kí wọn. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Atutọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ìka méjì bọ ẹnu rẹ̀. Ìka wọlé wẹ́rẹ́. "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá mi," ó sọ fún un. "Ẹ má dójú tì mí."

Ẹ́ńjìnnì ké. Ọwọ́ géèjì dìde, ó sì dúró. Ọ̀gá panápaná fi ìka tọ́ka sókè. Ìyàwó fa ọwọ́ ẹ́ńjìnnì. Igbe náà yí padà, ó ń ga sí i, dígí ojú fèrèsé ń gbọ̀n. Ọwọ́ géèjì kan àmì pupa. Bọ̀dá Àgbà, tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì yọ ojú sínú àrọ láti mọ̀ bóyá nǹkan ń bọ̀.

Nǹkan ń bọ̀. Atutọ́ ya ẹnu. Omi funfun rọ́ jáde bí ìgbà tí wọ́n bá ṣí agbo ewúrẹ́, ó kún àrọ, ó kọ lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì fò sókè. Ẹni tó bá tutọ́ sókè ló ń fi ojú gbà á. Bọ̀dá Àgbà kò tutọ́ rárá, síbẹ̀ ojú rẹ̀ ló gbà á, àti àyà rẹ̀, àti bàtà rẹ̀ méjèèjì. Ó fò sẹ́yìn, omi ń ro nírùngbọ̀n rẹ̀, ó sì ń pariwo ohun kan tí ẹ́ńjìnnì kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Eyín rẹ̀ ni wọ́n rí. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó kò wò ó. Géèjì ló ń wò. Ọwọ́ géèjì náà gbọ̀n, ó rọra padà sẹ́yìn, ó jókòó sórí àmì pupa, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́, bí ẹ́ńjìnnì ti wù kó sáré tó. Ọ̀gá panápaná gun àkàbà, ó fi ìnujú funfun rẹ̀ nu gbogbo oríkèé páìpù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sọ̀kalẹ̀, ó na ìnujú náà sí Ìyàwó. Ó gbẹ fúrúfúrú. Nígbà tí Ìyàwó dá eré ẹ́ńjìnnì padà sí bó ṣe yẹ, Atutọ́ pa ẹnu rẹ̀ mọ́ fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tì í.

Ó ku àyẹ̀wò ẹyọ kan. Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi í sílẹ̀ kó máa retí, gbogbo wọn sì wọ ilé ìpamọ́ tó ṣófo. Ọ̀gá panápaná mú ọ̀pá gígùn kan tó ní iná kékeré lórí, ó lọ sí igun tó jìnnà jù, ó sì na iná náà sí arọ̀jò tó wà níbẹ̀.

Bàbá ti dìde lórí àga. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di férémù ìlẹ̀kùn mú gírígírí. Iná tún wà nínú ilé ìpamọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára rẹ̀. Ìyàwó rí i, ó fẹ́ lọ dì í mú, Bàbá sì mi orí sí i pé rárá.

Dígí fọ́, ó dún ṣáá. Omi rọ̀. Iná orí ọ̀pá kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nínú yàrá ẹ̀yìn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò sí, ẹ́ńjìnnì mọ̀ pé omi ń lọ, ó jí fúnra rẹ̀, ó bú, òjò náà sì le sí i, ó ń rọ̀ rẹ̀ẹ̀rẹ̀ẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì.

Bàbá gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ìloro. Ó gbé èkejì. Ó rìn la gbogbo ilé náà já, ó lọ dúró sábẹ́ òjò náà pẹ̀lú aṣọ rẹ̀ àti fìlà rẹ̀, ó bu omi lọ́wọ́ méjèèjì, ó fi bọ́jú. Ó tún bù ú. Nígbà tó yíjú sí wọn, kò ṣe é mọ èyí tó jẹ́ omi àjà àti èyí tó jẹ́ omi ojú.

"Ìyàwó mi," ó ní, "òjò tí o ṣèlérí ti dé."

Ìgbà yẹn ni ariwo ayọ̀ tó sọ. Àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ sábẹ́ omi, wọ́n gbé Ìyàwó sókè pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ rẹ̀, òun náà ń ké, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé kí wọ́n lọ ti omi kó tó kún ilé. Ọ̀gá panápaná bọ wọ́n lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí wọ́n pààrọ̀ arọ̀jò tó fọ́, kí wọ́n sì máa kó fóòmù wọn wọlé. Ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín náà fi eyín kan hàn.

Bọ̀dá Àgbà, tí omi ṣì ń ro lára rẹ̀, ti jókòó sórí àga Bàbá, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ fóònù.

"Bọ̀dá mi, kí lẹ ń kọ?" Ìyàwó béèrè.

"Ẹni tó fẹ́ ra ilé. Mo ń sọ fún un pé kó má wá mọ́, a ò tà."

"Ẹ jẹ́ kí n rí i."

Ó na fóònù sí i. Ó ti fi ránṣẹ́. E ma wa, ló kọ. Ìyàwó wò ó, ó wo Bọ̀dá Àgbà. Bọ̀dá Àgbà náà wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹnu rẹ̀ sì là.

"Ẹ pè é!" gbogbo wọn ké lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ pè é kó tó gbéra!"

Ó pè é, ó sì fi gbogbo ohùn tí Ọlọ́run fún un sọ ọ́, débi pé àwọn tó wà lójú títì gbọ́: "Mo ní ẹ má wá! Ẹ *má*! Ilé wa ò sí fún títà!"

Kí ọjọ́ tó rọ̀, fóòmù ti ń wọlé. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé, orí Bàbá ló wà, kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun rù ú. Ìyàwó wà nínú yàrá pọ́ǹpù, ó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ. Ajíṣefínní ti pààrọ̀ aṣọ. Ó ti nu ilẹ̀, ó wá dúró síwájú ògiri, lókè Atutọ́ gan-an, pẹ̀lú ọ̀dà funfun àti búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń kọ lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà tó tò lọ́gbọọgba: Ẹ MÁ TÌ Í. Ó kọ ọ́ tán, ó padà sídìí àmì orí ọ̀rọ̀ kejì, ó ń kùn ún kó nípọn sí i.

"Ìyàwó, wá wò ó. Ṣé àmì yìí tóbi tó?"

Ìyàwó fà sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wò ó dáadáa.

"Ọkọ mi," ó ní, "ẹ jẹ́ kó tóbi sí i."